Òkùnkùn Kò Sí Lórí Àtẹ

Mẹ́ta ló wà níwájú mi lórí tábìlì Ketil,
ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó ń ta ohun èlò iná ní Vardø.
Ọ̀kan rí roboto bí agolo ọtí,
ọ̀kan rí gbàǹgbà bí búrẹ́dì,
ẹ̀kẹta dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí àtùpà, ọrùn rẹ̀ ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún.
Pirojẹ́tọ̀ ni gbogbo wọn. Gbogbo wọn ló gbọ́n, Ketil ló wí bẹ́ẹ̀:
wọ́n mọ ọ̀nà Wáífáì, wọ́n ń tún igun àwòrán ṣe fúnra wọn,
ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á fèsì.
Mo ní, "Ketil, nílé mi, àwọn tó ń fèsì ti pọ̀ jù."

Ylva ọmọ mi ti kọ tirẹ̀ sínú ìwé kí n tó jáde:
kí àwòrán tóbi ju ilẹ̀kùn lọ.
Ragnfrid ìyàwó mi kọ: fáànù rẹ̀ kò gbọdọ̀ pariwo,
òru lòun ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹja, ọ̀sán lòun ń sùn.
Èmi, owó ni mo kọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kírónì, ẹyọ kan kò gbọdọ̀ lé e.
Ìyá mi kò kọ nǹkan kan.
Láti oṣù kejì tí yìnyín ti gbé e ṣubú,
àjà ilé nìkan ló ń wò.

Ketil ń ka lúmẹ̀nì fún mi bí ẹni ń ka ẹja:
igba, irinwó, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.
Ó ní nọ́ńbà ara páálí a máa fọ́nnu,
ọ̀tọ̀ ni iye tí wọ́n kọ, ọ̀tọ̀ ni iye tí ojú ń rí.
Èyí tó dà bí búrẹ́dì ló mọ́lẹ̀ jù,
ṣùgbọ́n fáànù rẹ̀ ń hó bí ìkòkò, kò sì ní bátìrì nínú.
Èyí tó dà bí agolo, àpò kóòtù gbà á,
ó kéré, ó wuyì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ṣòjòjò.
Mo mú ẹlẹ́sẹ̀ kan, mo tẹ ọrùn rẹ̀ sẹ́yìn.
Ó wòkè.
Ó wòkè gan-an, bí ẹni ń retí òjò.
"Di èyí fún mi."
Ó fi ọ̀ọ́dúnrún kírónì lé ohun tí mo kọ. N kò yọwó.

Ṣé ẹ mọ ohun tí n kò rántí?
Oṣù kẹfà ni. Ní ìlú wa, oòrùn oṣù kẹfà kì í wọ̀.
Aago méjìlá òru, ẹyẹ òkun ń jà lórí òrùlé,
ìmọ́lẹ̀ jókòó sí yàrá bí àlejò tó gbàgbé ọ̀nà ilé.
Mo tan pirojẹ́tọ̀ sí àjà funfun. Funfun lórí funfun.
Ylva ní, "Bàbá, ṣé o ti tàn án?"
A ti ra ìmọ́lẹ̀ wálé, òkùnkùn ló kù,
òkùnkùn kò sì sí lórí àtẹ Ketil.

A wá a kiri ilé.
Aṣọ ìbora mẹ́ta, kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́,
aṣọ òjò tí bàbá mi fi ń pẹja, tó ṣì ń rùn,
mo ń fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ fèrèsé.
Ọjọ́ ìsinmi Ragnfrid ni; òòlù ló jí i.
Ó wo ìṣó, ó wò mí, ó gba òòlù lọ́wọ́ mi,
ó kan èyí tó kù, ó sì tọ́ ju tèmi lọ.
Yàrá ṣú díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ yọjú lókè.

Ylva ti to àwòrán ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ jọ. Ìyá mi ní rárá.
"Ẹ fi ojú ọjọ́ orí òkun hàn mí."
Bó ṣe rí nìyẹn: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kírónì ó lé,
òkun tẹ́ lórí àjà, ọfà afẹ́fẹ́ ń yí lókè orí wa,
èmi àti Ylva sùn gbalaja sórí pákó.
Ìyá mi na ìka sí àríwá:
"Ìjì ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ta ló so ọkọ̀?"

Ọkọ̀ tí a ti tà lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn.

"Mo ti so ó."
"Okùn méjì?"
"Okùn méjì, Ìyá."

Fáànù ń mí jẹ́jẹ́ bí ọmọ ológbò.
Bátìrì ku ìdajì.