Ìdí Abájọ

Pákó ni ìjókòó ọkọ̀ mi,
pákó tí Ọ̀ṣínọ́wọ̀ là lọ́dún tó sọ ọmọ rẹ̀ kẹta lórúkọ.
Ọmọ náà ti bímọ.
Pákó kò tíì rọ̀.

Láti Ìwòpin dé Èpẹ́, wákàtí márùn-ún ni bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́.
Wákàtí kìn-ín-ní, mò ń súfèé.
Ìkejì, mò ń ka ẹyẹ.
Ìkẹta, ìdí mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀.
Ìkẹrin, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́,
ó ti kú, ẹsẹ̀ òsì ti bá a lọ,
bí mo bá sì gúnlẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ń gbé ẹsẹ̀ náà jáde
bí ẹni ń gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Wọ́n ní ìdí iṣẹ́ ẹni la ti ń mọ ni lọ́lẹ;
ẹni tó pa òwe yẹn kò sọ ohun tí iṣẹ́ ń fi ìdí ṣe.

Mo gé fóòmù lára bẹ́ẹ̀dì àtijọ́.
Ó rọ̀ bí ìkọ́kọrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.
Kí n tó kọjá ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn,
ó ti mu ọ̀sà yó,
mo sì dé Èpẹ́ pẹ̀lú ṣòkòtò tí n kò lè ṣàlàyé.

Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú tíúbù ọ̀kadà.
Ìyẹn gbé mi ga jù.
Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló kọjá,
ìgbì rẹ̀ dé, mo dojú dé.
Gààrí Ìjẹ̀bú odidi àpò kan mu omi lọ́jọ́ náà,
kò sí ṣúgà, kò sí ẹ̀pà.

Kí ló dé tí n kò wọ ẹlẹ́ńjìnnì?
Owó ni.
Àti pé ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún Mosúnmọ́lá,
ẹ̀gbọ́n mi, tí ojú rẹ̀ ti fọ́,
tó ń fi etí mọ̀ mí lẹ́nu ọ̀nà:
ẹsẹ̀ kan ń tẹ̀lé, ẹsẹ̀ kan ń wọ́.

Olúréntí ọmọ ọmọ mi ló lọ sétí omi,
ó ṣa síléépà tí ọ̀sà ń pọ̀ jáde,
aláwọ̀ ewé, pupa, òsì tí kò mọ ọ̀tún rẹ̀.
Ó fi òòlu lu wọ́n, ó fi okùn ìko so wọ́n ní ipele méjì,
omi ń gba àárín wọn kọjá.
Ọ̀kan kéré bí àtẹ́lẹwọ́.
Ó yọ ìyẹn sọ́tọ̀. Ó ní kí á má jókòó lé e.

Ó gbé iwájú ìjókòó sókè ní ìka méjì kí itan lè rí ibi sùn,
ó wá jókòó kọjú sí mi,
ó ń wo ẹsẹ̀ mi títí ojú fi tì mí.
“Bàbá àgbà, ẹsẹ̀ yín kò rí ibi tì.”

A fi ọparun dábùú inú ọkọ̀.
Mo ti ẹsẹ̀ mọ́ ọn, mo fa àjẹ̀,
agbára gba orúnkún, ó gba ìbàdí, ó bọ́ sómi.
Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń tukọ̀,
mo rò pé apá ni.

Ọjọ́bọ̀, ní wákàtí kẹta, mo tẹ́tí sí ìdí mi.
Kò fọhùn.
Ní ìkẹrin ó kùn díẹ̀,
bí ìyàwó tó ti dárí jì ọ́ tí kò tíì gbàgbé.
Mo gúnlẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì dìde.
Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà Mosúnmọ́lá.

“Ta nìyẹn?” ló wí.
“Ẹsẹ̀ yìí kì í ṣe ti àbúrò mi.”

N kò tètè dáhùn.