Ẹni Tí A Ò Pè

Bàbá ń na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn
nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè-Sópin, n’Íjẹ̀bú-Igbó.
“Fẹ́hìntọ́lá, bá mi gbé…”
Ẹ̀rọ ìlagi òdìkejì títì gbé ìyókù lọ.

Kò tó ohun tí à ń bi ara ẹni. Mo rí ohun tó fẹ́.
Ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, abẹ rẹ̀ ń kọ mọ̀nà,
irun igi àpá há a lẹ́nu
bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí oúnjẹ.
Ṣówèmímọ́ ọmọṣẹ́ ló sún mọ́ ọn.
Mo ní, “Gbé… gbé… gbé kiní yẹn.”

Kiní wo?
Òòlù wà níbẹ̀. Ayùn wà níbẹ̀.
Agolo ìṣó, ife ẹ̀kọ àná, bàtà ẹsẹ̀ kan.

Mo pe Yorùbá,
Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ mi.
Ó ti wọ bàtà kí n tó la ẹnu,
ó dúró ní etí ètè mi
bí ọmọ tó mọ̀ pé ṣéńjì yóò ṣẹ́kù.
Mo ní, “Ìwọ kọ́ ni mo pè.”
Ó ní, “Ẹni tí ẹ pè dà?”

Ó wà nínú ilé. Mo ń gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀.
Mo mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀,
pé ó ga láàárín bí àjà,
pé igi wà nínú rẹ̀ níbì kan.
Mo mọ gbogbo rẹ̀ tán, àfi òun fúnra rẹ̀.
Àbí ó ń bínú ni?
Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo fi ń gún aláìsàn lábẹ́rẹ́
ní ìlú onílùú, n kò rán an níṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan.
Ẹni tí a kì í rán níṣẹ́
a máa pẹ́ kó tó rí bàtà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń pẹ́.
Bí òòlù bá bọ́ lu àtàǹpàkò mi,
“Yéè!” ti dé ojú títì
kí ìrora tó dé ọkàn.
Bí mo bá fẹ́ ka owó, Gẹ̀ẹ́sì ni;
bí ó bá kan èébú,
mo mọ ilé tí mò ń lọ, n kì í kan ìlẹ̀kùn.
Àlá ńkọ́? N ò mọ̀.
Bí mo bá jí, ìtumọ̀ nìkan ló máa ń kù, ẹnu tó sọ ọ́ ti lọ.

Bàbá dìde fúnra rẹ̀, ó gbé kiní rẹ̀.
Kò sọ nǹkan kan.
Èyí tí kò sọ yẹn dùn mí.

Ó di òru. Mò ń fọ abọ́,
n kò ronú kan ìfági—

Ìfági!
Wò ó bó ṣe jáde wẹ́rẹ́,
bíi pé kò sápamọ́ rí.
Ìfági: ohun tí a fi ń fá igi,
ọ̀rọ̀ tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ra bí ìgbín ti ń gbé ilé.
Ọ̀ṣẹ ń kán lọ́wọ́ mi, mò ń dá rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé e tọ Bàbá lọ
bí ẹni gbé ẹyin tuntun.
“Bàbá, ìfági!”
Ó gbé ojú sókè lára pákó.
“Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Pléènì?
Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ni mo ti ń pè é ní pléènì.”
Ó fá igi díẹ̀. Ó dúró.
“Bàbá mi àgbà ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀.”
Ó tún un pè, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́,
bí ẹni fi ahọ́n wá eyín tó ti ká.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo gbọ́ ohùn rẹ̀:
“Ṣówèmímọ́, gbé ìfá… gbé plé…
gbé kiní yẹn wá!”

Ọmọ náà gbé òòlù.