Omi Tí A Kò Fọwọ́ Kàn

Aránṣọ ni mí ní Gwagwalada, nítòsí ọjà,
téèpù kì í kúrò lọ́rùn mi.
Mo mọ ìbàdí ìyàwó ọlọ́pàá, mo mọ èjìká Málàm Ilu,
ṣùgbọ́n lọ́dún tí mo bí Àwẹ̀ró
orí rẹ̀ ni mo wọ̀n jù.
Ínṣì méjìdínlógún. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó lé ìdajì.
Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé oníbàárà
láàárín bùbá ẹnì kan àti ṣòkòtò ẹlòmíràn.

Àwùjẹ̀ tó yẹ kó máa mí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́
le gbandi lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi,
ẹyinjú rẹ̀ ń rì sísàlẹ̀ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́.
Ẹnì kan ní kí n fi àdín pa á.
Ẹnì kan bi mí léèrè ohun tí mo jẹ nínú oyún.
Ìyá ọkọ mi pè láti Ọ̀fà,
kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń mí sínú fóònù
títí owó rẹ̀ fi tán.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Rọ́bà tín-ín-rín
gba ẹ̀yìn etí, gba ọrùn, ó wọ ikùn,
omi rí ọ̀nà lọ.
Wọ́n ní: rọ́bà lè dí o, ẹ máa ṣọ́ ọ.
Báwo lèèyàn ṣe ń ṣọ́ ohun tó wà nínú agbárí?

Àwẹ̀ró pé ọdún mẹ́ta nígbà ọyẹ́.
Ó bì ní ìdájí, ó tún bì.
Ibà ni àbí rọ́bà?
Mo pọ̀n ọ́n, a wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa,
eruku gba gbogbo ojú ọ̀nà,
mo sì ń ro abẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n fi gún un nígbà kan,
igbe rẹ̀,
ọwọ́ mi tó dì í mọ́lẹ̀.

Dókítà Ladi kò mú abẹ́rẹ́.
"Di ojú," ó fi Hausa sọ ọ́, ọmọ mi tètè gbọ́ jù mí lọ.
Ó fi oje tútù kan sí ìpéǹpéjú rẹ̀,
ó gbé ẹ̀rọ kékeré lé e, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni fọwọ́ kan ẹyin.
Okùn kan so ojú mọ́ ọpọlọ, ó ní,
okùn náà wọ ẹ̀wù;
bí omi bá ń fún ọpọlọ, ẹ̀wù a wú.
Ó ń wọn fífẹ̀ ẹ̀wù náà lójú gíláàsì.
Ẹ̀rín fẹ́ pa mí níbi tí ẹkún wà:
aránṣọ bíi tèmi ni.

Mo rántí òpó tí wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí
lábẹ́ afárá Usuma.
Lóṣù kẹjọ, bí omi bá ti bo márùn-ún,
àwọn ará etídò á ká ẹní.
Kò sẹ́ni tó ń bọ́ sódò lọ bi í pé báwo ló ṣe jìn tó.

"Mílímítà mẹ́rin. Kò wú."
Lẹ́yìn náà ló ní: "Ẹ̀rọ yìí náà lè ṣì í o.
Tó bá tún bì, tó bá ń sùn jù,
ẹ gbé e wá, ìbáà jẹ́ lóru."
Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ibà ni.

N ò ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà,
Málàm Ilu ń dúró de káfútàánì rẹ̀.
Àwẹ̀ró fa téèpù lọ́rùn mi,
ó yí i mọ́ mi lórí, ó fún un:
"Màámi, mélòó?"
Oje ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ń dán.