Wáyà Ilẹ̀

Ìgò ni ìyá mi fi tọ́ mi.
Ìgò kpayò, àwọn ńlá oníkùn bí aboyún,
tí ó ń tò sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ọ̀nà Ìgólò,
tí oòrùn ń gba inú wọn kọjá bí ẹni wo inú oyin.
Òórùn epo kò ní ìtìjú:
ó bá wa jẹun, ó bá wa sùn,
ó wà nínú irun mi lọ́jọ́ tí mo lọ ṣe ìdánwò.

Mo ti wá ra ọkọ̀ tí kì í mu epo.
Àlòkù ni, láti èbúté Kútọnu,
bọ́ńpà rẹ̀ ti wó lápá kan,
ohùn rẹ̀ kò ju ti ológbò lọ.
Ìyá mi yí i po lẹ́ẹ̀mejì,
ó ń wá ibi tí wọ́n ń gbà rọ nǹkan sí i.
Nígbà tí ó rí ihò náà, ó ní,
"Ṣé ẹnu nìyí àbí ìdodo?"

Ẹ̀rọ tí a ó gbé kọ́ ara ògiri ló wá di ọ̀rọ̀.
Ọmọkùnrin tó ń tà á ní Wàǹdó ní
kí n gbé ńlá, màdáámù, kílówáàtì méje,
wákàtí mẹ́rin péré, ọkọ̀ ti yó.
Kékeré náà wà, èyí tí yóò máa fà á títí ilẹ̀ á fi mọ́
bí ọmọ tó ń mu ọmú lójú oorun.
Mo fẹ́ ńlá. Ta ni kò fẹ́ ńlá?

Mọ̀ńkáílà oníná dé, ó ṣí àpótí mítà,
ó wò ó títí, bí ẹni wo ẹyín arúgbó.
"Àtùpà mẹ́ta pẹ̀lú rédíò kan
ni ẹni tó na wáyà yìí ní lọ́kàn.
Bí ẹ bá gbé ńlá lé e, ògiri lẹ máa fi dáná."
Kékeré la mú.
Owó tó ṣẹ́kù la fi ra wáyà tó nípọn bí àtàǹpàkò.

"Wáyà ilẹ̀ ńkọ́?"
Kò sí.
Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kọ́ ilé yìí,
iná ilé wa kò mọ ilẹ̀.
Mọ̀ńkáílà yọ ọ̀pá bàbà kan, ó ga jù mí lọ,
ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ọgbà kiri, ó ń wá ibi tó tutù.
Abẹ́ igi ọ̀sàn ló tutù jù.
Abẹ́ igi ọ̀sàn ni bàbá mi sùn sí.

Jẹ́ríkánì mẹ́fà ló wà lẹ́yìn alùpùpù rẹ̀ lọ́jọ́ náà.
N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá mi dìde lórí àpótí ìjókòó.
"Iná ló mú un lọ. Ẹ má tún mú iná tọ̀ ọ́ wá."
Mọ̀ńkáílà fi òòlù lélẹ̀.
"Ìyá, kì í ṣe iná là ń fi ránṣẹ́ sí i.
Èyí tó bá ṣìnà nìkan
la fẹ́ fi lé ilẹ̀ lọ́wọ́,
kó má pa ẹni tó wà lókè."

Ó dákẹ́ pẹ́. Adìyẹ kan kọjá láàárín wa.
Ó wá fi ẹsẹ̀ ka ìṣísẹ̀ mẹ́fà láti ibi igi,
ó dúró, ó tọ́ka.
"Ibí. Kó máa gbọ́ ọ, kó má kàn án."

Lóru, iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lára ògiri, àwọ̀ ewé.
Ìyá mi gbé imú sókè, ó ń fìn.
"Kò ní òórùn," ó wí, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.
Lálẹ́ ọjọ́ kejì iná lọ ní aago mẹ́jọ,
ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Oníná ní kí a máa rọ omi sí ìdí ọ̀pá nígbà ọyẹ́.
Àárọ̀ àárọ̀ ló ń bu ú,
ife kan fún bàbà,
ife kan lábẹ́ igi.
Ìgò kpayò kan ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀.
N kò tíì bi í léèrè.