Kẹ̀kẹ́ Ornella

Abẹ́ koríko gbígbẹ ni mo ti rí i,
nínú abà Tullio, ẹ̀gbọ́n ìyá mi.
Adìẹ ti sọ ọ́ di ìtẹ́,
ìpata ti jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ òpó.
Kẹ̀kẹ́ obìnrin ni, èyí tí egungun rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ níwájú
kí ẹni tó wọ aṣọ gígùn má baà máa gbé ẹsẹ̀ sókè.
Mo dúró wò ó. Ìbàdí rẹ ni mo rántí.

Láti ìgbà tí dókítà ti fi irin sí ọ níbẹ̀,
ẹsẹ̀ òsì rẹ fi ìwọ̀n ìka kan kúrú sí ọ̀tún.
O kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí.
Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn ilé wa:
ẹsẹ̀ kan dé, èkejì ń bèèrè bóyá kí òun wá.
Ní Ferrara wa yìí, ẹni tí kò bá gun kẹ̀kẹ́,
àlejò ni, tàbí aláìsàn.
Ìwọ kì í ṣe àlejò,
èmi náà sì kọ̀, n kò ní pè ọ́ ní èkejì.

Bí mo ṣe di alágbe irin nìyẹn.
Gualtiero tó fi ọgbọ̀n ọdún pín lẹ́tà ló ni ìjókòó;
awọ rẹ̀ ti mọ bí ènìyàn ṣe ń jókòó.
Ìgò wáìnì méjì ló gbà,
nígbà tó gbọ́ pé ìwọ ni yóò lò ó, ó dá ọ̀kan padà.
N kò bi í léèrè ìdí.
Ẹsẹ̀ iwájú, ti akẹ́kọ̀ọ́ kan ni, ó so tirẹ̀ mọ́ ọ̀pá iná,
ó parí ẹ̀kọ́, ó lọ láìwẹ̀yìn.
Àpótí ápù ni mo gé ṣe agbọ̀n.
Fìtílà wá láti ara alùpùpù kan tó ti kú ṣáájú baba mi.
Agogo nìkan ni mo fowó rà.
Rárá, irọ́ ni:
mo tú u lára kẹ̀kẹ́ tèmi.

Apá pẹ́dà òsì ló fẹ́ pa mí.
Òru ni mo wọn ẹsẹ̀ rẹ, okùn bàtà ni mo fi wọ̀n ọ́n;
o yí padà, o ní, "Nevio, jẹ́ n sùn."
Mo gé irin, mo lu ihò tuntun sí i, ó wọ́.
Mo gé òmíràn. Ìyẹn náà wọ́.
Mo bá gbé e lọ bá Iolanda tó ń jó irin lẹ́yìn ilé ìwé.
Ó ní, "Ṣé bọ́ọ̀sì kò gba ìyàwó rẹ ni?"
Mo ní bọ́ọ̀sì kì í dúró wo omi.
Kò tún sọ nǹkan kan. Ó wọ ìbòjú rẹ̀,
iná sì ń ta pàrà.

Ọ̀dà ewé tó ṣẹ́kù lára fèrèsé ilé ìdáná kò tó;
búlúù ọkọ̀ ojú omi àbúrò rẹ ni mo fi kun ẹ̀yìn.
Kẹ̀kẹ́ náà wá dà bí ẹni tó wọ aṣọ àyálò.

Oṣù kọkànlá, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú,
kùrukùru bo odi ìlú mọ́lẹ̀.
Mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà.
O rìn yí i ká. O fi àtàǹpàkò tẹ ìjókòó.
Èmi dúró bí ọmọ tó ń fi sílétì han olùkọ́.
O gùn ún.
O kò dúpẹ́.
Ẹsẹ̀ òsì lọ sílẹ̀, ó tún bọ̀ sókè,
kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá kí òun wá.
Ni kùrukùru bá gbé ọ mì,
ó ku agogo mi, kin-in, kin-in, lójú ọ̀nà odò,
lẹ́yìn náà kò dún mọ́.
Mo ka èémí mi dé mọ́kàndínlógún.
Ó dún.

Ó tó wákàtí kan kí o tó padà,
ẹyin mẹ́fà nínú àpótí ápù,
imú rẹ pọ́n.
O ní, "Ìjókòó yìí ṣì fi ìka kan ga jù."
Sípánà ti wà lọ́wọ́ mi kí o tó sọ̀ kalẹ̀.