Ilá àti Ìlà

Ọjọ́bọ ni. Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta, ẹ̀yìn ojú irin,
kíláàsì kẹta, ọmọ mẹ́tàlélógójì, fèrèsé méjì.
Mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí bọ́ọ̀dù,
ojú ń kán mi, mi ò fi àmì ohùn sí i.
Mo ní, "Ohun tí a máa ya lónìí nìyí."
Mùníru ya ilá.

Ó ya ìdí rẹ̀, ó ya irun ara rẹ̀ tó ń yúnni lọ́wọ́,
ó ya ìyá rẹ̀ tó gbé ọ̀bẹ dání.
Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo jẹ̀bi.
Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo dá igi tíntín méjì lé ọ̀rọ̀ náà lórí,
àwọn méjèèjì fẹ̀yìn tì bí ẹni tó yó:
ọbẹ̀ kúrò nílẹ̀, ìlà dé.
"Ṣé ẹ rí i? Ìlà kékeré ló yà wọ́n sọ́tọ̀."

Pépà wa, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà èṣí ni.
Gbé àwòrán sójú oòrùn, wàá rí oṣù Ẹrẹ́nà nídìí rẹ̀.

Ìdáyátù ya ojú irin:
ìlà méjì jìnnà síra nísàlẹ̀,
wọ́n pàdé lókè bí ẹnu abẹ́rẹ́.
"Níbo ni rélùwéè fẹ́ gbà kọjá?"
"Àǹtí, tó bá débẹ̀, wọ́n á yà fún un."
Àlàyé wà nínú nóòtì mi, ojú ewé méjì gbáko,
ìdí tí ohun tó jìnnà fi ń kéré.
Mo pa nóòtì dé.

Jọláadé nìkan ni pépà rẹ̀ ṣì funfun.
Ó ń wá rúlà. Ẹnìkan ti nà án rí
nílé ìwé tó ti wá, nítorí ìlà tó wọ́.
Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.
Mo kàn nawọ́ síta fèrèsé: okùn ìsáṣọ ìyàwó mẹ́sẹ́ńjà,
ẹ̀wù tutù mẹ́fà, aṣọ ìbora kan,
okùn ti tẹ̀ wálẹ̀ dé ìbàdí,
aṣọ kankan ò kan ilẹ̀.
Ó wò ó pẹ́. Ó gbé pẹ́ńsùlù lé pépà, ó fà á,
ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n níbi tí aṣọ ìbora wà.
Ibẹ̀ gan-an ló dára jù.

Aago lù. Wọ́n kígbe níta, "Ẹ tò sórí ìlà!"
Wọ́n tò. Ìlà náà wọ́ gba ẹ̀yìn àga jáde,
mi ò tún un ṣe.
Mùníru ló kẹ́yìn,
ó fi ọwọ́ méjèèjì di ilá rẹ̀ mú.