Iye Iyọ̀

Ọdún mẹ́tàlélógún ni ìyá mi fi ń ka gbèsè olóògbé.
Kì í ṣe gbèsè baba rẹ̀, kì í ṣe ti baba ọkọ;
oníṣòwò ẹja kan ní Halifax ló jẹ ẹ́,
ó ti kú kí wọ́n tó bí ìyá-ńlá rẹ̀.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, yìnyín á ti bo àtẹ̀gùn,
yóò wọ bàtà gígùn bíi ṣọ́jà, yóò mú pẹ́ńsùlù méjì
(wọn kì í jẹ́ kí tàdáwà wọ yàrá ìwé àtijọ́),
yóò ní, "Mo fẹ́ lọ wo ohun tí iyọ̀ ná wọn,"
bí ẹni ń bá ìlẹ̀kùn sọ̀rọ̀.

Iye iyọ̀. Iye àgbá. Owó ọkọ̀. Owó ẹni tó la ẹja nínú.
Ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí káàdì, ó kó káàdì sínú páálí bàtà,
páálí bàtà gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.
Nílé ẹ̀kọ́ wọ́n bi mí pé iṣẹ́ wo ni ìyá mi ń ṣe.
Mo ní ó ń ṣírò ẹja tí wọ́n ti jẹ tán.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kò sí ìtàn nínú iyọ̀, yíyọ́ ni iyọ̀ ń yọ́.
Ó ní, "Ó ń yọ́ lóòótọ́. Ọbẹ̀ ló ń jẹ́rìí."
Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi oyè ọ̀jọ̀gbọ́n dù ú.
Lẹ́ẹ̀kẹta, abọ́ ló ń fọ̀ nígbà tí fóònù dún;
kò nu ọwọ́ kó tó gbé e.

Ìrọ̀lẹ́ kan nínú oṣù Èrèlé ló wọlé, kò bọ́ kóòtù.
"Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń ṣa ẹja sí.
Èyí tó funfun lọ sí Sípéènì. Èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n jẹ ẹ́ nílé.
Èyí tó fọ́, tí oòrùn ti sun, tí ìdin ti tọ́ wò,
wọ́n kọ 'àṣàkù' sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n rọ́ ọ sí àgbá,
ó di Jàmáíkà, oúnjẹ ẹrú."
Ó dákẹ́. Omi yìnyín ń kán láti etí kóòtù rẹ̀.
"Ìgbà irinwó ó lé mọ́kànlá ni mo ti ka ọ̀rọ̀ yẹn.
Àṣàkù.
Mo rò pé ẹja ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀."

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Eékún ń dùn ún.
Lánàá, ní ṣọ́ọ̀bù ará Jàmáíkà kan,
mo rí ẹja oníyọ̀ nínú ọ̀rá: dọ́là mẹ́rìndínlógún.
Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i.
Kò béèrè bóyá ara mi yá.
Ó ní, "Kílò mélòó?"